Ohùn 300 nínú fóònù mi, n kò padà gbọ́ wọn: ṣé kí n ṣì máa bá a lọ?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Èròjà oúnjẹ ni mò ń tà, mo sì ní ọmọ mẹ́ta tó ń lọ síléèwé. Láti ọdún tó kọjá, bí nǹkan bá ti wá sí mi lọ́kàn báyìí, fóònù ni màá fà yọ, màá tẹ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀, màá sì sọ ọ́ síbẹ̀: owó iléèwé, ẹni tó jẹ mí lówó ìrẹsì, ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́, epo pupa tó ti fẹ́ tán. Bí mo bá ti sọ ọ́ tán, ọkàn mi á balẹ̀. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tí mo rí i pé wọ́n ti lé ní 300. Bóyá ni mo fi padà gbọ́ mẹ́wàá nínú wọn. Ìpàdé ẹgbẹ́ tí mo torí ẹ̀ gbohùn sílẹ̀, n kò débẹ̀, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé mi. Ọkọ mi ní kí n yé ṣeré ọmọdé, kí n ra ìwé àti báírò. Àbúrò mi obìnrin ní ayé ìwé ti kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ohùn ṣètò iṣẹ́ yín, ṣé ó ń bá yín ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àbí à ń tan ara wa ni?

* * *

Ó ń bá mi ṣiṣẹ́, ìyá wa. Ọdún keje rèé. Aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ mi méjèèjì ló máa ń wà lára aṣọ, ẹsẹ̀ mi á wà lórí pẹ́dà máṣínì. Bí oníbàárà bá pè pé òun ò fẹ́ ọrùn roboto mọ́, onígun mẹ́rin lòun ń fẹ́, tí mo bá ní kí n dìde lọ wá báírò, ìlà tí mò ń rán á wọ́. Tí mo bá sì ní kí n rán an tán ná, ẹlòmíì á ti wọlé, ọ̀rọ̀ ọrùn aṣọ á ti bọ́ lọ́kàn mi. Nítorí náà, àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹ fóònù, màá sọ gbólóhùn kan, màá sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó bà mí lẹ́rù, ibi tẹ́ ẹ ti ní "ọkàn mi á balẹ̀". Ibẹ̀ gan-an ni ìpàdé ẹgbẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹnu ti sọ ọ́, ọkàn sì rò pé ọwọ́ ti ṣe é. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́. Mò ń gba ohùn jọ bí ẹni ń dá àjọ, n kò sì kó o rí. Ọjọ́ tí oníbàárà kan wá wo aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá "ẹ rántí o, kò fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lára rẹ̀" nínú fóònù mi, tí èmi fúnra mi sì ti sọ ọ́ síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ìlẹ̀kẹ̀ ti kún àyà aṣọ náà. A fi gbogbo òru já ìlẹ̀kẹ̀, a sì ń fi abẹ́rẹ́ tẹ ojú ihò aṣọ pa dé.

Láti ìgbà náà, láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje alẹ́, kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù, màá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ìwé á wà lórí itan mi. Màá gbọ́ ohùn ọjọ́ náà láti orí ti àárọ̀. Èyí tí mo bá lè ṣe lójú ẹsẹ̀, bíi kí n pe èèyàn, màá ṣe é níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ọjọ́ iwájú, màá kọ ọ́ sójú ewé ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà màá pa ohùn náà rẹ́. Bí mo bá fi máa dìde, kò gbọ́dọ̀ ku ẹyọ kan níbẹ̀. Kì í gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ọkọ yín tọ̀nà, àbúrò yín náà tọ̀nà, wọn ò kàn gbọ́ ara wọn yé ni. Ìwé àti ohùn kì í ṣe orogún. Ohùn ni mo fi ń mú ọ̀rọ̀ kó tó sá lọ. Ìwé ni mo fi ń tò ó.

* * *

Èmi aránṣọ náà ni, mo ti ka èsì yín láti àná. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń sọ ni pé fóònù kò ṣeé gbọ́kàn lé: iná lè má sí, ó lè bọ́ sómi, olè lè já a gbà. Òótọ́ ni. Ìdí mìíràn rèé tí ohun tó bá máa kọjá ọjọ́ kan fi gbọ́dọ̀ kúrò nínú rẹ̀ bọ́ sínú ìwé. Àwọn kan ní ojú máa ń ti àwọn láti máa dá sọ̀rọ̀ láàárín ọjà. Ẹ gbé e sétí bí ìgbà tẹ́ ẹ ń pe èèyàn, kò sẹ́ni tó máa wò yín lẹ́ẹ̀kejì.

Èyí tí n kò gbà rárá ni ti bàbá tó kọ ọ́ pé àwọn baba wa kò gba ohùn sílẹ̀, wọn kò kọ̀wé, wọn kò sì gbàgbé nǹkan, pé ọpọlọ wa ló ti ya ọ̀lẹ. Ẹ má bínú sí mi, bàbá. Àwọn baba wa kò gbé ẹrù yẹn lé ọpọlọ nìkan lórí. Ẹlẹ́mu àti olóúnjẹ ń fi ẹfun tàbí èédú fa ìlà sára ògiri fún gbèsè. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi ń ka ọjọ́, ẹni tó bá ti ní "ó di ọjà tó ń bọ̀" ti dá ìgbà, gbogbo ìlú ló sì mọ ọjọ́ tó ń sọ. Babaláwo tó ń ké ẹsẹ odù 256 kò kọ́ ọ lóru ọjọ́ kan. Ọdún gbọọrọ ló fi ń ké e lójú ẹni tó ń kọ́ ọ, tí onítọ̀hún ń gbọ́ ọ, tó ń tún un ṣe, tó ní kó padà sẹ́yìn.

Ẹ tún wo àrokò. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí èèyàn, ẹẹ́fà ni ẹni tó gbà á máa pè jáde, yóò sì gbọ́ "fà" nínú rẹ̀: ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ fà sí òun. Bó bá dá mẹ́jọ padà, "jọ" ló ń wí: èrò wa jọ. Ohùn ni wọ́n so mọ́ okùn yẹn, bàbá. Ẹni tí kò bá pè é jáde kò lè gbọ́ ọ. Mi ò rí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín ìyẹn àti ohun tí ìyá wa ń fi fóònù rẹ̀ ṣe, àfi pé ẹni tí wọ́n bá fi àrokò rán níṣẹ́ kì í lọ tò ó jọ sí kọ̀rọ̀ yàrá.

* * *

Ẹnì kan bi mí bóyá ohùn ti ṣì mí lọ́nà rí. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì fi owó san án.

Oníbàárà kan fi fọ́ìsì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé òun ń fẹ́ fìlà fún ìsìnkú bàbá òun. Jẹnẹrétọ̀ ń dún kíkankíkan lẹ́yìn rẹ̀. Yorùbá ló ń sọ bọ̀ títí ó fi kan iye fìlà, ibẹ̀ ló ti bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. "Fífítì" ni mo gbọ́. "Fíftíìnì" ló sọ. A ti rán mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó yà wá wò wá. Mo tún fọ́ìsì náà gbọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwa méjèèjì ò lè bá ara wa jà, torí bó o bá ti ní in lọ́kàn pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lo máa gbọ́. Bó bá jẹ́ àádọ́ta ló wà lọ́kàn rẹ, àádọ́ta náà ni. Ó san owó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rìndínlógún tó kù wà nínú àpò lókè kọ́bọ́ọ̀dù fún oṣù mẹ́jọ kí n tó rí wọn tà tán, èmi ni mo sì gbé àdánù rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, òfin ni lọ́dọ̀ mi: iye nǹkan, Yorùbá la fi ń pè é. "Tatíìnì" àti "tátì" lè jọra wọn nínú ariwo, mẹ́tàlá àti ọgbọ̀n kò lè jọra láéláé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wá fèsì pé Yorùbá náà ní pàkúté tirẹ̀. Mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlógójì: ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni wọ́n ní, ìparí sì ni ariwo máa ń gbé mì. Ó gbá mi mú níbẹ̀. Mo rò ó títí, mo gbà fún un. Èdè nìkan kò tó. Ẹ pe iye náà lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan mìíràn sáàárín tí kò ní jẹ́ kó ṣeé ṣì gbọ́: "Fìlà mẹ́rìndínlógún. Kò pé ogún o, ó ku mẹ́rin. Mẹ́rìndínlógún." Kí ẹni tó gba iṣẹ́ náà sì pè é padà kó tó fọwọ́ kan aṣọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí wọn ò mọ òǹkà dáadáa nígbà tí wọ́n dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ní kí wọ́n máa pè é: "ọ̀kan, ẹẹ́fà". Láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n ti mọ ọ́n dé ọgọ́rùn-ún, torí pé ojoojúmọ́ ni etí wọn ń gbọ́ ọ.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí gbogbo wa máa tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ dípò ká máa sọ ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Oníbàárà kan gba bùbá rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó di alẹ́, ó tẹ ọ̀rọ̀ sí mi, kò fi àmì kankan sí i gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń ṣe: "E kaale ma. Owo ku die o." Mo kà á sí "owó kù díẹ̀". Inú mi dùn pé ó rántí gbèsè rẹ̀, mo ní kò burú, kó mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọwọ́ aṣọ ló ń sọ. Ọwọ́ bùbá náà kù díẹ̀ kó dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló sì fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sóde. Ká ní ó fi ẹnu sọ ọ́ ni, etí ò lè ṣi í gbọ́: owó nìyí, ọwọ́ nìyí. À bá ti tú u ká sì tún un rán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹni tó ń hun aṣọ òkè fún mi ní Ìṣẹ́yìn, kì í ka ìwé. Láti àárọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń wà lórí òfì, mo máa ń gbọ́ ìró òfì nínú fọ́ìsì rẹ̀, ó ń hun ún, ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ṣé ẹni yẹn lẹ fẹ́ kí n máa tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí?

Ibi kan wà tí ohùn kì í dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíì tó sọ ọ́. Ohùn kò lè gbé àwọ̀. Bí mo bá ní "àlàárì", mo mọ ohun tí mo ń rí lójú mi, òun náà mọ èyí tó ń rí lójú tirẹ̀, òwú méjèèjì sì lè yàtọ̀. Nítorí náà, ó di dandan kí àwòrán tẹ̀ lé e, kí n yà á nínú oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù.

* * *

Èyí tẹ́ ẹ̀ ń bi mí jù: "Áàpù wo lẹ̀ ń lò?" Kò sí èyí tó ṣàrà ọ̀tọ̀. Èyí tó bá wà nínú fóònù yín nígbà tẹ́ ẹ rà á ti tó, kò sì ń jẹ dátà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, líìnì mi kejì ni mo máa ń fi fọ́ìsì ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp. Láti 2022 ni wọ́n ti fún èèyàn láyè láti máa ránṣẹ́ sí ara rẹ̀, mo sì ti kó lọ síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tẹ makirofóònù, kẹ́ ẹ fà á sókè, á máa gbà lọ láì jẹ́ pé ẹ di ọwọ́ mú un. Láti 2021 sì ni ẹ ti lè jẹ́ kó yára sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ. Èyí ló jẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó mi.

Àbúrò wa kan ní òun ń retí kí fóònù máa kọ ohùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí WhatsApp gbé irú ẹ̀ jáde ní 2024, Gẹ̀ẹ́sì, Sípéènì, Potogí àti Rọ́ṣíà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù Android, Yorùbá kò sí níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé irinṣẹ́ mìíràn wá tó ní ó gbọ́ Yorùbá. A sọ "lẹ́ẹ̀sì ọ̀pá márùn-ún" sí i, ọ̀rọ̀ tó kọ fún wa kò ní lẹ́ẹ̀sì, kò sì ní márùn-ún. Mò ń retí kó dára, mo fẹ́ kó dára. Àmọ́ ní báyìí, báírò wà lọ́wọ́ mi.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé, ní inú ọkọ̀ lòun ti máa ń gba ohùn sílẹ̀, láàárín ilé kan sí ìkejì, kí òun má baà gbàgbé ẹni tí pámpásì rẹ̀ ti fẹ́ tán àti ẹni tí kò jẹun. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ gbé fóònù nígbà tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀, kódà bẹ́ ẹ bá dúró níbi iná ojú títì. Òfin ibẹ̀ ti le sí i láti oṣù kẹta ọdún 2022: 200 pọ́n-ùn àti póńtì mẹ́fà lórí láísẹ́ǹsì. Ẹ fi ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó tan ọkọ̀, lójú ilé tẹ́ ẹ ti jáde, nígbà tí ohun tẹ́ ẹ rí ṣì wà lójú yín. Ẹ má sì pe orúkọ arúgbó náà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù yìí mú mi rántí bàbá mi. Kásẹ́ẹ̀tì, èyí tí Philips gbé jáde ní 1963, ni àbúrò rẹ̀ fi máa ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọ̀hún, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹni tó bá ń bọ̀ nílé ló máa ń fi rán. Àwọn ará ilé á pé jọ sí pálọ̀, rédíò á wà láàárín, a ó sì gbọ́ ìkíni: wọ́n á kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyá á máa dáhùn bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá mi á gbé rédíò wọ yàrá, òun nìkan, pẹ̀lú bébà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn la ti máa ń gbọ́ ọ. Á tẹ̀ ẹ́, a ó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀: "ẹ bá mi ra búlọ́ọ̀kù..." Kọ́! Ó ti dá a dúró. A ó gbọ́ bó ṣe ń yí i padà sẹ́yìn, fííì. Á tún tẹ̀ ẹ́: "búlọ́ọ̀kù 600, kẹ́ ẹ tó pe káfíńtà..." Kọ́! Ó ń kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ilé yẹn nìyẹn, láti orí ìpìlẹ̀ dé orí páànù, láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín fojú kan ibẹ̀. Bébà wọ̀nyẹn wà nínú àpótí rẹ̀ títí ó fi kú. Kásẹ́ẹ̀tì, ó fi gba orin lé wọn lórí.

* * *

Nọ́ọ̀sì kan béèrè nípa àwọn àgbàlagbà tí kò lè kàwé. Ibi tí ohùn ti ṣe mí lóore jù rèé, ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn méjì ni láràárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Àbúrò mi kọ ọ́ sára páálí oògùn, kò wúlò, ìyá wa ò kàwé. A ń pè é láràárọ̀, ọjọ́ tí nẹ́tíwọọ̀kì ò bá dára, ó parí. Mo wá gba ohùn ara mi sílẹ̀, mo fi ṣe ohun tí aláàámù fóònù rẹ̀ máa ń dún. Ọ̀pọ̀ fóònù ló gbà bẹ́ẹ̀. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, fóònù á ní: "Màámi, ẹ kú àárọ̀. Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ lo funfun kékeré kan, ẹ lo èyí tó rí gbọọrọ kan. Ẹ mu omi sí i." Obìnrin tó ń bá a gbé sọ fún mi pé ó máa ń dáhùn: "Mo ti gbọ́, ọmọ mi."

Fún bí oṣù kan ààbọ̀, ó pé. Lẹ́yìn náà, oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́kù nínú páálí. Ohùn náà ṣì ń dún, ó ṣì ń dáhùn, àmọ́ kò dìde mọ́. Etí rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Mo ní kí ọmọ mi tó kéré jù gba tirẹ̀, mo yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, a fi ìbéèrè parí rẹ̀: "Màámá àgbà, mélòó ló kù nínú páálí?" Ó di dandan kó lọ kà á kó tó dáhùn. Bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù nìyẹn, ti ọmọ yìí, ti ọmọ tọ̀hún.

Ní 1878, ọdún kan lẹ́yìn tí Thomas Edison ṣe ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀, ó kọ oríṣiríṣi ohun tó rò pé àwọn èèyàn máa fi ṣe sílẹ̀. Pípe lẹ́tà sínú ẹ̀rọ láìlo akọ̀wé ló fi ṣíwájú, orin wá lẹ́yìn. Ó tún kọ ọ́ pé aago máa wà tí á máa fẹnu sọ̀rọ̀, tí á máa sọ fún èèyàn pé àkókò oúnjẹ ti tó, tàbí àkókò àtilọ sílé. Aago yẹn ló wà lórí tábìlì ìyá mi.

* * *

Díẹ̀ nípa ẹni tó fẹ́ máa gba ohùn oníbàárà sílẹ̀ láìsọ fún un, kó lè rí ẹ̀rí mú jáde bí ìjà bá dé. N kò fara mọ́ ọn. Ẹ sọ fún un: "Ẹ jẹ́ kí n gba èyí sílẹ̀ kí n má baà ṣì í." Kò sẹ́ni tó kọ̀ fún mi rí. Bó bá jẹ́ ẹ̀rí lẹ̀ ń wá, ẹ fi ọ̀rọ̀ àdéhùn yẹn ránṣẹ́ padà sí i kó gbọ́ ọ kó sì ní "bẹ́ẹ̀ ni".

Ẹ sì ra yíáfóònù. Mo gbọ́ fọ́ìsì oníbàárà kan sókè ketekete níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ó ní kí n fi ààyè sílẹ̀ níbi ìkùn aṣọ, oyún oṣù mẹ́ta wà níbẹ̀, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ọkọ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀. Ó dárí jì mí, àmọ́ kò gbé aṣọ wá fún mi mọ́, n kò sì dá a lẹ́bi.

* * *

Ìyá wa ti padà wá. Ó ní òun ti ra ìwé, òun sì fẹ́ jókòó gbọ́ gbogbo 300 náà kí òun tó bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, á sú yín ní ọjọ́ kejì, ẹ ó sì pa gbogbo rẹ̀ tì. Ẹ gbọ́ ti ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá nìkan. Èyí tó ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó bá ṣe pàtàkì, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á ti pè yín.

Mo fẹ́ ní kẹ́ ẹ pa ìyókù rẹ́ kíá, ṣùgbọ́n obìnrin kan dá mi dúró. Ó ní nígbà tí òun ń pa tòun rẹ́, òun kan ohùn ìyá ọkọ òun tó ti ṣaláìsí, tó ń sọ èròjà ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún òun láti inú yàrá kejì. Ó tọ̀nà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá àwọn tó gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ, torí inú wọn ni ohùn ẹlòmíì sábà máa ń wà. Ẹ kó wọn sí mẹ́mọ̀rì káàdì. Kẹ́ ẹ wá pa ìyókù rẹ́.

Ẹ ní lónìí ẹ gba mẹ́rin, ẹ sì gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lálẹ́. Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ọ̀kan tẹ́ ẹ kọ síbí: "Kí n má gbàgbé ti obìnrin yẹn o, ó ní tó bá di ọjọ́ yẹn òun á mú un wá." Lónìí, ẹ mọ obìnrin náà, ẹ mọ ọjọ́ náà, ẹ mọ ohun tó máa mú wá. Bó bá jẹ́ pé ọ̀la lẹ máa gbọ́ ọ ńkọ́? Ẹ fi orúkọ ṣíwájú, kí ọjọ́ tẹ̀ lé e, kí nǹkan tẹ̀ lé ọjọ́, kẹ́ ẹ wá fi ohun tí ẹ̀yin fúnra yín máa ṣe parí rẹ̀. Báyìí:

"Ìyá aláta, ìsọ̀ kẹta. Ọjọ́bọ̀. Owó ìrẹsì kóńgò méjì, méjì péré, kì í ṣe mẹ́ta. Kí n pè é láago mẹ́jọ àárọ̀ kó tó lọ sọ́jà."